Ọkọ̀ Tí Olóògbé Fi Sílẹ̀
Kí eruku má baà bà lé ọkọ̀ dúdú tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀, Màmá Fadérera ti ilẹ̀kùn gáréèjì mọ́ Akínṣọlá tó ń bá a fi pólíìṣì kùn ún. “Tó o bá ti ṣe tán, kanlẹ̀kùn,” ni màmá wí.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Akínṣọlá pa ẹ̀rọ tó fi ń kùn ún, àmọ́ ariwo rẹ̀ kò dákẹ́. Ó yọ wáyà rẹ̀ lára iná. Ariwo ọ̀hún ṣì ń dún, láti inú ọkọ̀.

Ó sáré kan ilẹ̀kùn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.”

“Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ,” ni màmá dáhùn. “Fara balẹ̀ ṣe é.”

Ìró ẹsẹ̀ màmá jìnnà lọ. Ìgbà náà ni ariwo yẹn tó dákẹ́, tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì rọra ṣí.