Àjẹ̀ Ọkọ Ìbídùn

Ẹ fara balẹ̀, mo ní ìtàn fún yín. Ọjọ́ ọdún ìtàn ìlú wa, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, Ìbídùn wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ wo ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀, Bàbá Dọ̀tun, fi ń pẹja. Ọkọ̀ nìkan ló ti òkun dé. Ará ìlú ní ohun tí omi bá gbé, a kì í bi èbúté. Ìbídùn kò gbà.

"Ìyá, ijó ti bẹ̀rẹ̀ o!" ni Sẹ̀gílọlá tó ń ṣọ́nà ké.

Ìbídùn gbọ́ tí omi ń gbá ara ọkọ̀ gbígbẹ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí omi níbẹ̀. Àjẹ̀ tútù kan, irú èyí tí a fi ń wa ọkọ̀, yọ láti inú rẹ̀, ó kọ èèkù sí Ìbídùn. Lọ́dọ̀ wa, bí ìyàwó kò bá gba àjẹ̀, ọkọ kì í gúnlẹ̀.

"Ta lẹ ń rẹ́rìn-ín sí, Ìyá?"

"Bàbá Dọ̀tun ti dé," ni Ìbídùn wí, ó sì nawọ́ gba àjẹ̀ náà.

Sẹ̀gílọlá ló sọ ọ́ fún mi. Kò ṣọ́nà níbẹ̀ mọ́.