Ohùn Inú Yàrá Gíláàsì

"Irọ́ burúkú ni! Mi ò dé abúlé yẹn rí!" Ọ̀gágun fọwọ́ gbá tábìlì níwájú àwọn adájọ́.

Àwọn adájọ́ kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ògbufọ̀ tó jókòó sínú yàrá gíláàsì ló ń túmọ̀ fún tọ̀tún tòsì. Ó ti búra pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lòun máa túmọ̀, òun kò ní fi kún un, òun kò sì ní yọ níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò tó pe ọ̀gágun lẹ́jọ́ bi í pé, "Ta wá ló ti àwọn ará abúlé mọ́lé, tó dáná sun wọ́n?"

Ògbufọ̀ túmọ̀ ìbéèrè náà sínú ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá gbórí sókè, ó wo yàrá gíláàsì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, bí o ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ abúlé yẹn ni ẹ́. Àwa méjì nìkan la gbọ́ èdè yìí níbí, nítorí náà gbọ́ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ṣe bí a ti pa gbogbo yín tán ni. Rọra o, àwọn ọmọ ogun mi ṣì wà níta tí wọ́n lè parí iṣẹ́ náà."

Agbẹjọ́rò tirẹ̀ gan-an ń yán ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ògbufọ̀ fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá.

Adájọ́ àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ń bá wí?"

"Èmi ni, Olúwa mi."

Lẹ́yìn náà ni ògbufọ̀ yíjú sí ọ̀gágun, ó sì túmọ̀ ìyẹn náà fún un.