Ta Ló Tú Àṣírí Ilẹ̀kùn Mi?

Olè tún ti kó oúnjẹ adìyẹ mi.

Èmi àti Salman òṣìṣẹ́ mi nìkan ló mọ nọ́ńbà tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí mò ń kó o sí.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ, tí mo sì fi ta gbogbo ọlọ́sìn Ẹdẹ lọ́rẹ, ló ń pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀.

“Salman, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́!”

“Àlàájì, wàláì, èmi kọ́!”

Fàdìlàt ọmọ mi dá aago fóònù rẹ̀ padà sí méje àárọ̀, ó tẹ ètò náà lórí rẹ̀, ó fi nọ́ńbà tó gbé jáde ṣí ilẹ̀kùn.

“Ta ló sọ nọ́ńbà fún ẹ?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ọjọ́ àti aago tí ẹ bá tẹ ètò yín ló ń sọ di nọ́ńbà. Gbogbo Ẹdẹ ló sì mọ̀ pé aago méje géérégé ni. Ẹ ò pẹ́ rí!”

Mo bẹ Salman.

Láti ọ̀la lọ, n ó máa pẹ́: aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, géérégé.