Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Fi Orí Ọmọ Ọlọ́mọ Wá Ìyìn

Olúmúyìwá Títíloyè fẹ́ràn ìyìn ju bó ṣe yẹ lọ. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ba gbogbo iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n àdúgbò Iyaro ní ìlú Bìní ló dàgbà sí. Níbẹ̀ ló ti kọ́ rọ́gbì, eré bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sáré, tí àwọn alátakò á sì máa wá ọ̀nà láti wó ẹni tó gbé e mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ikọ̀ rọ́gbì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè wa tí kò tíì pé ogún ọdún, òun ni wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bìní ni wọ́n pàgọ́ sí. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò sí ikọ̀ tí kò lù wọ́n. Títíloyè kò bínú. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa, àti ibi tó yẹ kí orí ẹni wà bí a bá fẹ́ di ẹlòmíràn mú. Ní ọdún kẹta, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró ní àdúgbò Uselu láti kí i, rédíò sì gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà, ìyìn ló ń bá a jí.

Nínú ikọ̀ yìí ni Dọ̀tun wà, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Oba Market. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pijin ló fi máa ń dáhùn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ìdíje wọn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ Gánà ku ọjọ́ méjì, orúnkún ẹnì kan gbá a lórí níbi ìgbaradì. Nígbà tó dìde, ó kọjú síbi tí kò yẹ, ó sì ń béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́.

Jùmọ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì ikọ̀ náà, fà á jókòó, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Kóòṣì, ọmọ yìí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lófin yẹn."

"Mo gbọ́."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, sà."

"Mo ní mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì."

Àmọ́ ìyìn Sátidé ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, ó rán Jùmọ̀kẹ́ lọ sí Èkó láti gba àwọn oògùn kan tí kì í ṣe kánjúkánjú. Lẹ́yìn náà, ó pe Dọ̀tun sẹ́yìn ilé.

"Bí dókítà ìdíje bá bi ọ́ lọ́la bóyá ara rẹ yá, kí lo máa sọ?"

Dọ̀tun fọwọ́ kan orí rẹ̀, pé òòyì ṣì ń kọ́ òun. "Coach, my head still dey turn me."

"Mo ní, kí lo máa sọ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Nothing do me."

"Ó dáa. Tún un sọ."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, pé kò sí ohun tó ṣe òun.

Ní ọjọ́ Sátidé, dókítà gbà á gbọ́, Dọ̀tun sì wọ pápá. Nígbà ìsinmi, Títíloyè rí i bó ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀, ó sì gbójú kúrò. Ikọ̀ wa ń borí lọ nígbà tí ọmọ Gánà kan di Dọ̀tun mú níbàdí. Kò dì í le. Síbẹ̀, Dọ̀tun ṣubú, kò sì dìde mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò mọ ibi tó wà ní ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ sáré dé láti ọjà, tòun ti okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Nígbà tó gbọ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tíì kúrò nídìí ọmọ òun, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín náà."

Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé Títíloyè mì, ìbá dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ní, "Eré ló fà á, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ yìí kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ní ọjọ́ kẹrin, Dọ̀tun lajú. Ìyá rẹ̀ bi í ohun tó ń dùn ún. "Nothing do me," ló fèsì. Dókítà bi í lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní kóo máa wí báyìí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Ojú ọmọ náà lọ sára Títíloyè. Jùmọ̀kẹ́, tó ti dé láti Èkó, ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ka ohun tó kọ ní Ọjọ́bọ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.

Ìyá Dọ̀tun wo ọkùnrin náà títí. "Mo kúnlẹ̀ fún yín," ló sọ.

Àwọn aláṣẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Títíloyè, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan léré mọ́ láéláé. Àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ sílé. Ikọ̀ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ tú ká láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Dọ̀tun tún rìn, ó sì tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wá ọ̀rọ̀ tì bí arúgbó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Títíloyè lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìsọ̀ ìyá náà.

"Ẹ dìde, sà, àwọn oníbàárà ń wò yín," ni obìnrin náà wí. "Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Dọ̀tun ń bẹ nínú ìsọ̀. Bó bá gbóhùn yín, á tún fẹ́ dìde lọ síbi ìgbaradì."

Títíloyè gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ. Títí dòní, bó bá fẹ́ kọjá lọ́jà náà, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà.

Ẹ̀yin tí a fi ọmọ ọlọ́mọ sí níkàáwọ́, ní pápá tàbí níléèwé, ẹ fi ìtàn yìí ṣàríkọ́gbọ́n. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ láti purọ́ nítorí ìyìn ara rẹ̀ ti ta ọmọ náà. Ìyìn kì í pẹ́ kó tó ṣá. Ìtìjú ló máa ń báni kalẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ń ru ẹrù rẹ̀.