Ìbéèrè Ìyá Treasure

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà Bọ̀wálé ní yunifásítì ìjọ kan ní Ọ̀tà gbà pé ẹni Ọlọ́run ni olùkọ́ àwọn. Ìwé àtijọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà ló ń kọ́ wọn, ìtàn àwọn ọmọ Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe Áńgílíkà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rò. Nínú ìtàn wọ̀nyẹn, àwọn kan ń gbààwẹ̀ nínú yìnyín, àwọn kan ń dárí ji ẹni tó pa wọ́n lọ́mọ, àwọn kan ń gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi sọ́rùn láìwí fẹ́nì kankan.

"Sà, ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé?" Jemimah, ọ̀kan lára wọn, ló béèrè.

"Mo mọ ẹnì kan ní Ọ̀tà níbí," ni Bọ̀wálé wí, ó sì yíjú sí pátákó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn. Ta ni kò mọ̀ pé olùkọ́ wọn fúnra rẹ̀ ni? Nínú mọ́tò Bọ̀wálé ni Treasure ọmọ rẹ̀ kú sí, lójú títì Ìjókò, níwájú ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀dá mẹkáníìkì. Àmọ̀dá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá, ó tún un sọ ní kóòtù, pé ọwọ́ òun ni mọ́tò náà wà fún àtúnṣe, òun sì fi í lọ gbé ọmọ náà ní ilé ìwé. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Láti ìgbà náà ni Bọ̀wálé ti ń gbé oúnjẹ lọ bá a lóṣooṣù. Kò wa mọ́tò mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ní báyìí, ikọ́ ti fẹ́ gbẹ̀mí Àmọ̀dá. Wọ́dà àgbà ní bí ìyá ọmọ bá lè wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dárí jì í, wọ́n á jẹ́ kó lọ tọ́jú ara rẹ̀ nílé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò kú sí.

Rónkẹ́, ìyàwó Bọ̀wálé, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ojú Ọrẹ: kí ẹni tó pa ọmọ òun kú. Á máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín. Àmín ọkọ rẹ̀ ló máa ń ròkè jù.

Bọ̀wálé bẹ̀ ẹ́ títí, ó dọ̀bálẹ̀ fún un ní pálọ̀.

"Mo máa lọ, Dádì Treasure," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìbéèrè kan ni mo ní fún un. Tó bá ti dá mi lóhùn, mo dárí jì í."

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, Àmọ̀dá ti gbẹ. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ikọ́ kò jẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́?"

Rónkẹ́ jókòó síwájú rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo wà pẹ̀lú rẹ̀," ló wí. "Kí lọmọ mi sọ kẹ́yìn? Ohunkóhun tó wù kó jẹ́, sọ ọ́ fún mi kí n gbé e lọ sílé."

Àmọ̀dá wo Bọ̀wálé. Ilẹ̀ ni Bọ̀wálé ń wò.

"Mọ́mì, ẹ ṣàánú mi. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ tó ti kú lẹ́nu. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"O ò gbọ́? Ọmọ mi kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ò gbọ́?" Rónkẹ́ dìde. "Ibí náà lo máa kú sí."

Bọ̀wálé lanu láti sọ̀rọ̀. Àmọ̀dá mi orí sí i díẹ̀ pé rárá, ó sì tún ń húkọ́. Bọ̀wálé pa ẹnu dé, wọ́dà sì mú ẹlẹ́wọ̀n náà wọlé.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Rónkẹ́ sunkún títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀, pé kí ẹni tó pa ọmọ òun má rí ọdún yìí parí.

"Àmín," ni Bọ̀wálé wí.

Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀dá tí wọ́n ti tì pa, Bọ̀wálé tún gbọ́ ohùn Treasure láti ìjókòó ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà kí mọ́tò tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: "Dádì, ẹ rọra o, eré yẹn ti pọ̀ jù."