Dókítà Olódo

Lọ́jọ́ ìdánwò nílé ìwòsàn, iṣẹ́ ìyá kan ni kó ṣe bí ẹni tọ́mọ ẹ̀ kú, káwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún òbí.

Ọ̀kan nínú wọn wọlé.

"Mọ́mì, ọkọ̀ gbá ọmọ yín. Ó ti kú."

Ìyá pòṣé. "Olódo! Bí ẹni tó ń sọ pé iná ti lọ! Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ìwọ lo wá ń sunkún? Èmi ni wọ́n ń sanwó ẹkún fún! Òdo ni mo fún ẹ. Bọ́ síta!"

Kò jáde. Ó gbé bàtà iléèwé kan sórí tábìlì, èyí tí ìyá fọwọ́ ara ẹ̀ so okùn ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ láàárọ̀.

"Mọ́mì, ìdánwò ò tíì bẹ̀rẹ̀."