Ẹ̀rọ Tí Kì Í Ka Ọmọ

Bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀, tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, ti ń kùn lórí òrùlé wa. Kò ní já ẹrù sílẹ̀ àfi tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn bá sọ iye tí a fẹ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ náà, èyí tó tún máa ń yẹ ara wò.

"Ọmọ mélòó ló wà ní ìlú yìí?"

Iná pupa tàn. "Ìbéèrè yìí kò tọ́."

Ọ̀gá mi, Màmá Àjíkẹ́, rẹ́rìn-ín. "Mojírọ́lá, àwọn ìyá àgbà ló kọ́ ẹ̀rọ yìí lọ́rọ̀ sísọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Abẹ́rẹ́ ni kó o béèrè."

Ara mi yá gágá. "Abẹ́rẹ́ mélòó ló máa tó wọn?"

Iná aláwọ̀ ewé tàn. "Igba abẹ́rẹ́, àti ọ̀kan fún èyí tó wà nínú rẹ."

Èmi fúnra mi ò tíì mọ̀.